Ààlà Tí Màmá Àgbà Fi Yúkà Pa

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ẹ̀rúwà. Wọ́n ta okùn yí èèkàn náà ká, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni yóò wà níbẹ̀, àwọn bíríkìlà ń bọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Òdòdó yúkà mẹ́sàn-án tí Màmá Àgbà gbìn wà nínú okùn náà. Ọ̀nà tóóró tí gbogbo àdúgbò ń gbà lọ sí kànga ẹ̀yìn ilé wa náà wà nínú rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilé ìdáná, ọwọ́ mi kún fún ọṣẹ abọ́, mo ń wò wọ́n.

Dádì Ìbàdàn ni à ń pè wọ́n, torí pé Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Délé lorúkọ wọn gan-an. Àwọn ni àkọ́bí Màmá Àgbà, ìyá mi ló tẹ̀lé wọn. Èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn kúrò nílẹ̀. Òrùlé ilé náà ń jò, ògiri ẹ̀yìnkùlé ti ń là, wọ́n sì rò ó pé ohun tó bá ti inú ṣọ́ọ̀bù wá ni yóò máa tún ilé ṣe. Ohun tó dùn mí ni bí wọ́n ṣe nawọ́ sí àwọn yúkà yẹn tí wọ́n ní, "Òdòdó lásán ni. A máa hú wọn."

Mo ní, "Dádì, ẹ ò mọ Màmá bí mo ṣe mọ̀ wọ́n."

Ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn. Ta ló ń sọ fún àkọ́bí pé kò mọ ìyá rẹ̀? Ìyá mi fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n pa ẹnu mi dé. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá ni Dádì nígbà tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń sùn, wọn ò sì padà wá gbé Ẹ̀rúwà mọ́. Èmi ni mo bá Màmá Àgbà gbé láti kékeré. Nígbà tí èmi náà di tíṣà ní Igbó-Ọrà, gbogbo ọjọ́ Fúráìdé ni mò ń gun ọ̀kadà wálé sọ́dọ̀ wọn. Dádì gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ó dáa, Àdùkẹ́. Sọ èyí tí o mọ̀ tí mi ò mọ̀."

Mo nu ọwọ́ mi, mo sọ ọ́. Ohun tí mo sọ nìyí, àti díẹ̀ nínú èyí tí mi ò lè sọ lójú wọn.

Ẹni tó bá ń wo Màmá Àgbà lókèèrè, ara wọn ni yóò kọ́kọ́ tàn án jẹ. Wọ́n kéré, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì máa ń tẹ orí ba bí wọ́n bá ń rìn, bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn wọn ni kò kéré. Tíṣà ni wọ́n, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, bíró pupa ò sì jìnnà sí ọwọ́ wọn títí wọ́n fi kú. Wọ́n á fi ṣe àmì sí páálí oògùn, wọ́n á fi ṣe àmì sí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ ìsinmi kan wà tí wọ́n mú ìwé ètò ìsìn, wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ àkókò tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún pásítọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní, "Màmá, kí lẹ ṣe sí i?" Wọ́n ní, "Aago mẹ́wàá lẹ kọ. Aago mọ́kànlá lẹ bẹ̀rẹ̀. Mo fún yín ní márùn-ún nínú mẹ́wàá, torí pé ẹ wá."

Dádì rẹ́rìn-ín síyẹn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, pé wọ́n ti fún àwọn náà ní márùn-ún nínú mẹ́wàá rí, ìdánwò ìṣirò ni. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù.

Òdòdó ni ohun tí Màmá Àgbà fẹ́ràn jù lẹ́yìn ìwé, òdòdó náà ló sì kó ìtìjú bá wọn jù láyé. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n gbin òdòdó sí iwájú ọ́fíìsì wọn, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sì ń pọn omi sí i láràárọ̀ kí agogo tó lù. Bí gbogbo ilé-ìwé ìgbà náà ṣe ń ṣe nìyẹn, kò sẹ́ni tó kà á sí ìyà. Lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú, òjò kọ̀, àwọn kànga bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọmọ kan ń lọ sọ́jà láàárọ̀, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń da korobá omi sí ìdí òdòdó. Obìnrin náà yà wọlé, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wà lórí rẹ̀, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò pariwo. Ó kí Màmá Àgbà dáadáa, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọmọ mi ò rí omi bọ́jú láàárọ̀ yìí. Ṣé ewé yín ti mu yó?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá Àgbà sọ ìtàn yìí fún mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ yé pọn omi. Òdòdó náà gbẹ, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń gbẹ láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì wọn. Mo bi Dádì bóyá wọ́n gbọ́ èyí rí. Wọ́n mi orí pé rárá.

Ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì fi yà wá lẹ́nu. Ilẹ̀ gbígbá ni iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ilé wa, bí ti gbogbo èèyàn. Ilẹ̀ pupa ni, ojú ìgbálẹ̀ á máa hàn lára rẹ̀ láàárọ̀, a kì í jẹ́ kí koríko hù nítorí ejò. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku rẹ̀ á bo aṣọ fèrèsé àti abọ́ inú ilé. Màmá Àgbà ní àwọn máa gbin òdòdó síbẹ̀. Ìyá mi ní, "Màmá, ta ni yóò máa pọn omi sí i?" Wọ́n ní kò sẹ́ni tí yóò pọn omi sí i. Ìyá mi wò mí, èmi náà wo ìyá mi. A rò pé arúgbó ti dé sí wọn ni.

"Ilé yín ni wọ́n ti rí i, Dádì," ni mo wí. Dádì gbé orí sókè.

Ẹ̀gbẹ́ géètì Dádì n'Íbàdàn ni ewé náà wà, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ewé rẹ̀ gùn, ó le, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Àárín rẹ̀ dúdú minimini, etí rẹ̀ méjèèjì funfun bí ògì. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni Màmá Àgbà lọ kí wọn, gbogbo koríko tí Dádì ń fi rọ́bà bomi rin ti pọ́n, ṣùgbọ́n ewé yìí dúró gbọin. Màmá Àgbà bi mẹ́gádì pé ta ló ń bomi rin ín. Mẹ́gádì ní, "Kò sẹ́nì kankan, Mà. Látìgbà tí mo ti dé ibí, mi ò bu omi sí i rí." Wọ́n ní kó yọ ọmọ ìdí rẹ̀ kan fún àwọn. Lọ́nà gáréèjì, wọ́n yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, wọ́n bèèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi bíró pupa kọ "yúkà" sí àtẹ́lẹwọ́ ara wọn kí wọ́n má bàa gbàgbé.

Orí itan ni wọ́n gbé e lé nínú mọ́tò wá sí Ẹ̀rúwà. Ọkùnrin tó jókòó tì wọ́n ní, "Màmá, ọ̀pẹ̀yìnbó yín ń gún mi." Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀pẹ̀yìnbó. Ó ní kí ló ń so. Wọ́n ní kì í so nǹkan tá a lè jẹ. Ó ní ṣé wọ́n ń fi ṣe àgbo ni. Wọ́n ní rárá. Ọkùnrin náà wá bi wọ́n pé kí wá ni wọ́n ń fi ṣe. Wọ́n ní, "Wọ́n ń wò ó ni. Àbí gbogbo nǹkan la fẹ́ jẹ ni?"

Yúkà àkọ́kọ́ yẹn kú. Màmá Àgbà ló pa á, wọn kì í sì í fi pamọ́. Àwọn tó ní kò sẹ́ni tí yóò pọn omi sí i, àwọn náà ni ọkàn wọn ò gbà kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní omi tí a fi ṣan ìrẹsì kì í ṣe omi kànga mọ́, a kúkú fẹ́ dà á nù ni. Ni wọ́n bá ń rọra dà á sí ìdí rẹ̀ láràárọ̀. Kò pé oṣù kan, ìdí rẹ̀ rọ̀, ó ń rùn, nígbà tí wọ́n dì í mú, ó yọ tẹ̀lé ọwọ́ wọn. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé òkú ewé náà lé ẹsẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wo ojú wọn, mo gbé ẹ̀rín mì. Wọ́n ní, "Mo kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mi ò bi èyí léèrè ohun tó ń jẹ."

Wọ́n kọ lẹ́tà sí mẹ́gádì, èmi ni mo mú un lọ. Ọmọ ìdí mẹ́ta ló fún mi, ó ní kí n kí Màmá. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n po iyanrìn àti yangí wẹ́wẹ́ mọ́ erùpẹ̀, wọ́n kó o jọ bí ebè kékeré kí omi òjò má bàa dúró nídìí rẹ̀. Wọ́n wá ibi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀ jù lọ láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n gbìn ín tán, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Kò rọrùn fún wọn. Mo rí wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbé ife omi dání lójú fèrèsé, tí wọ́n ń wo ewé náà, tí wọ́n sì gbé ife náà sẹ́nu, tí wọ́n mu ún fúnra wọn.

Ó mú. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé, ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tún dé, kò pọ́n. Ó ń pa ọmọ nídìí, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n ń gbìn ín, títí ó fi di mẹ́sàn-án. Nígbà mìíràn ọmọ ìdí kan á hù tó jẹ́ dúdú látòkèdélẹ̀, tí kò ní etí funfun. Irú rẹ̀ máa ń sanra ju àwọn yòókù lọ, ó sì máa ń yára dàgbà. Ọ̀bẹ ni Màmá Àgbà ń mú lọ bá a. Mo bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n dá ẹyọ kan sí, torí pé òun ló lágbára jù. Wọ́n gé e, wọ́n nu ọ̀bẹ, wọ́n ní, "Ó lágbára lóòótọ́. Kì í ṣe òun ni mo gbìn."

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí, ohùn mi sì ti ń le. Ìyá mi jáde wá jókòó tì wá.

Ní ilẹ̀ wa, ta ni kò mọ pèrègún? Ewé rẹ̀ gùn, òun ni wọ́n fi ń pààlà oko àti ilé láti ayébáyé. Bí àwọn méjì bá jà du ilẹ̀ tí àwọn àgbà bá parí rẹ̀, pèrègún ni wọ́n á gbìn síbẹ̀. Ẹni tó bá jí láàárọ̀ tó rí ìlà pèrègún, kì í bèèrè bóyá ó dára lójú. Ó ń bèèrè ẹni tó gba ilẹ̀ ni. Nígbà tí yúkà náà pé mẹ́sàn-án, Màmá Àgbà, ọmọ bíbí Ẹ̀rúwà, wá lọ fi okùn wọn ilẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n kó ewé gígùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ gbìn ní ìlà tó gún régé sí ẹ̀bá ògiri aládùúgbò wa, nítorí pé yangí àti oòrùn pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n rò pé òdòdó ni gbogbo èèyàn yóò rí. Mo ti ronú sí i títí, mo rò pé ìwé àkàjù ló fọ́ wọn lójú.

Ọ̀nà kànga wà láàrin ilé wa àti ògiri náà. Ilẹ̀ wa ni. Òkúta tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ògiri gan-an. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dárúkọ òkúta yẹn rí, torí pé kànga wa kì í gbẹ, gbogbo àdúgbò ló ń mu ún lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tí kò bá gba ibẹ̀, ọ̀nà ilé-ìwé ni yóò gbà yí ká, ó jìnnà.

Bàbá Mùsílíù ló ni ògiri náà. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ni wọ́n, mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ, ọ̀rẹ́ bàbá àgbà mi kí ìyẹn tó kú. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kejì, wọ́n wá sílé wa, bútà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Màmá Délé, ẹ kú àárọ̀. Mo rí i pé ẹ ti pààlà."

"Ààlà kẹ̀? Òdòdó ni, Bàbá Mùsílíù."

"Òdòdó tó tò bí ọmọ ilé-ìwé?"

"Bí mo ṣe ń to nǹkan nìyẹn."

"Tí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yín, tiyín ni, mi ò bá yín jà. Ẹ ò bá ti pè mí. Kò yẹ kí n jí kí n bá pèrègún lẹ́sẹ̀ ògiri mi."

Ká ní Màmá Àgbà dákẹ́ ni, tàbí kí wọ́n bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á ti tán. Wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin yúkà àti pèrègún, kó wá jókòó ní kíláàsì mi."

Bàbá Mùsílíù ò kàwé, Màmá Àgbà sì mọ̀. Bàbá gbé bútà wọn, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́nì kankan láti agbo ilé wọn tó gba ọ̀nà wa mọ́. Àwọn ilé tó wà lẹ́yìn wọn náà rí i, wọ́n bá wọn gba ọ̀nà ilé-ìwé. Oṣù méjì, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Mo sọ fún Màmá Àgbà pé kí wọ́n lọ bẹ Bàbá. Wọ́n ní àwọn ò ṣẹ̀. Mo tún sọ, wọ́n ní kí n lọ máàkì ìwé mi. Inú bí mi sí wọn gan-an nígbà yẹn, mi ò sì ní parọ́ nítorí pé wọ́n ti kú: agídí wọn le, ẹnu wọn sì lè ya èèyàn bí abẹ.

Ìyàwó Mùsílíù ló yí i padà, láìmọ̀. Oyún rẹ̀ ti tó bí. Màmá Àgbà ń bọ̀ láti ọjà, wọ́n bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-ìwé, ó fara ti ògiri, korobá omi wà lórí rẹ̀, kò lè dá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì lè rìn mọ́. Wọ́n bá a sọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ò gba ọ̀nà wa?" Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún yẹn, ó ní, "Bàbá ní ẹ ti pààlà, Mà."

Wọn ò jẹun nígbà tí wọ́n dé. Mo gbé iyán síwájú wọn, wọ́n ń wò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí hú yúkà náà. Mo ní kí n bá wọn hú u, wọ́n ní kí n kúrò níbẹ̀. Ewé náà ń gún wọn lápá, ẹ̀jẹ̀ ń yọ, wọn ò dúró. Ìgbà tó ku mẹ́rin ni wọ́n tó jẹ́ kí n di ọkọ́ mú. Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n kó sọdá ọ̀nà, wọ́n gbìn ín sábẹ́ fèrèsé yàrá tiwọn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa gan-an, ní ìlà tó gún régé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà wá bọ́ síta, òun àti ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tó jẹ́ tiwa. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n lọ pe Bàbá Mùsílíù àti baálé àdúgbò.

Nígbà tí wọ́n dé, Màmá Àgbà ní, "Ẹ ní ààlà ni ohun tí mo gbìn. Mo gbà pé ààlà ni. Ẹ wá wo ibi tó wà." Wọ́n wá kọjú sí Bàbá Mùsílíù. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ kíláàsì tí mo sọ sí yín ò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Wọ́n sì kúnlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí Màmá Àgbà kí wọ́n kúnlẹ̀ fún ẹ̀dá alààyè.

Bàbá Mùsílíù ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ má ṣe mí báyìí." Wọ́n fà wọ́n lọ́wọ́ dìde. Wọ́n wo ìlà yúkà náà, wọ́n wo òkúta tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri wọn, wọ́n ní, "Màmá Délé, ilẹ̀ yín ti kéré."

Màmá Àgbà gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún. Wọ́n ní, "Kò kéré. Mo kàn sún ni."

Mo sọ fún Dádì pé láti ìgbà náà, oṣooṣù ni Màmá Àgbà ń mú sísọ́ọ̀sì jáde, tí wọ́n ń gé ẹnu ṣóńṣó ewé kọ̀ọ̀kan kúrò, nítorí àwọn ọmọdé tó ń sáré gba ibẹ̀. Nígbà tí wọn ò lè gé e mọ́, èmi ni mò ń gé e lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á sì máa wò mí láti ojú fèrèsé bóyá mo fo ẹyọ kan.

Wọn kì í yin èèyàn. Ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú àti lẹ́yìn, wọ́n ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò tẹ orúkọ mi sáàárín dáadáa. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lẹ́yìn ikú wọn, mo rí ẹ̀dà rẹ̀ nínú Bíbélì wọn, wọ́n ti fi bíró pupa kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá sí i. Wọn ò jẹ́ fi hàn mí nígbà tí wọ́n wà láyé. Mo fẹ́ràn wọn, mo bínú sí wọn, mo fẹ́ kí wọ́n padà wá kí n lè bá wọn jà sí i.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kẹ́yìn ni ọ̀kan nínú yúkà náà yọ ọ̀pá láàárín ewé, tí òdòdó funfun sì bò ó látòkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ dorí kodò. A ò rí i kó tanná rí. Màmá Àgbà ò lè dìde mọ́. A sún bẹ́ẹ̀dì wọn mọ́ fèrèsé. Ilẹ̀ gbẹ, ewé máńgòrò pàápàá ti ká jọ. Wọ́n wo òdòdó náà gbogbo ọ̀sán. Mo ní, "Màmá, ó ti tanná o." Wọ́n ní, "Ó tanná. Kò sì ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni gbé korobá." Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n kú.

Ibẹ̀ ni mo parí ọ̀rọ̀ mi sí. Ìyá mi fà mí mọ́ra. Dádì Ìbàdàn dìde lórí àga wọn. Wọ́n ní, "Kò sí nínú ìwé, Àdùkẹ́."

Òótọ́ ni. Ìwé ilẹ̀ náà ní títí dé òkúta ni. Màmá Àgbà tó ń fi bíró kọ gbogbo nǹkan, kò kọ èyí. Mo ní, "Wọn ò kọ ọ́. Wọ́n gbìn ín." Mo ní tí Dádì bá fẹ́ hú u, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn hú u, mi ò ní bá wọn hú ẹyọ kan, mi ò sì ní jẹ́ kí àwọn bíríkìlà fọwọ́ kàn án. Mo ní mo ti gba àyè níbi iṣẹ́ mi, Mọ́ńdè máa bá mi níbí. Mi ò tíì gba àyè kankan, àárọ̀ Mọ́ńdè gan-an ni mo tó tẹ ọ̀gá mi láago. Dádì ní kí n lọ sùn.

Ní Mọ́ńdè, àwọn bíríkìlà mẹ́ta dé ní kùtù. Mo gbé àga mi síwájú yúkà, mo jókòó. Dádì ò wo ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n ń fi ibi tí wọn yóò gbẹ́ han olórí bíríkìlà.

Obìnrin kan dé pẹ̀lú korobá lórí. Dádì ní láti kúrò lọ́nà kó lè kọjá. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Dádì. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ẹ ṣé tí ẹ yà fún wa." Kó tó lọ tán, àwọn méjì dé, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n kí wọn bákan náà. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú ike. Lẹ́yìn wọn, arúgbó kan tó di kẹ́ẹ̀tù mú, ó ṣàdúrà fún Dádì pé àwọn ọmọ wọn ò ní jìyà omi. Gbogbo wọn rí èèkàn, gbogbo wọn rí okùn. Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń ré okùn náà kọjá, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bàbá Mùsílíù jáde nígbà tó yá. Wọ́n ti darúgbó gan-an, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n wo okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n kí Dádì. Wọ́n ní, "Délé, ọjọ́ wo lo fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀nà ilé-ìwé? Kí n lè sọ fún àwọn obìnrin."

Dádì yí ojú sí àwọn bíríkìlà. Bàbá Mùsílíù ní kò burú, tí ọjọ́ náà bá dé kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn. Wọ́n padà sílé.

Olórí bíríkìlà ní, "Ọ̀gá, ṣé ká bẹ̀rẹ̀?"

Dádì wo ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ láti kànga, omi ń ta sílẹ̀ lára korobá rẹ̀. Wọ́n ní, "Wọn ò tíì pọn omi tán."

Àwọn bíríkìlà jókòó sábẹ́ máńgòrò. Ní ọ̀sán, ọkùnrin náà tún bèèrè. Dádì ní wọn ò tíì pọn omi tán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ léjìká, ó wá bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní ilẹ̀ ń ṣú lọ, ọ̀la ńkọ́. Ìyàwó ilé kan ń kọjá lọ́wọ́ pẹ̀lú korobá méjì. Dádì Ìbàdàn fara mọ́ ògiri kó lè ráàyè kọjá. Wọ́n ń ká okùn náà mọ́ ọwọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá a lóhùn.

Wọ́n ní, "Lọ́la náà, wọn ò ní tíì pọn omi tán."